Àwa Tí A Kọ Ètò Báńkì Nígbà Tí Java Dé

Bí ìsinmi ilé-ìwé bá ti dé, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu àti ní Parakou máa ń yà kí mi ní Okpara níbí, nílẹ̀ Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á jókòó, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn wọn: "Bàbá, ṣé ká kọ́ Spring ni, àbí Jakarta EE, àbí ká kàn fi PHP lásán ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún wa?" Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe dàgbà l'Ékòó, pé mo ti wà níbẹ̀ kí Java tó dé, pé ojú mi ló sì ṣe dé. N kì í fẹ́ fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá wọn lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn nínú. Ìtàn ọ̀hún ni mo jókòó kọ yìí.

Ọmọdé ni mo wà nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi sọdá odò Okpara. A gba ọ̀nà Ṣakí, ó di Èkó. Kò sí ohun tuntun nínú ìyẹn. Àìmọye ọmọ Ṣábẹ̀ ló ti gba ọ̀nà yẹn, torí pé ìbátan wa pọ̀ lódìkejì odò, ààlà tí àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fà kò sì já okùn ẹbí. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ náà ni báńkì kan ti gbà mí sí yàrá kọ̀ǹpútà.

Yàrá náà tutù nini, torí ẹ̀rọ ńlá tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ ooru rárá. COBOL la fi ń kọ ètò, èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1959 fún iṣẹ́ owó àti ti ọ́fíìsì. Tí báńkì bá ti tilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, wọ́n á kó ìwé ìsanwó àti ìgbowó ọjọ́ náà wá, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ètò wa á sì máa ṣírò láti orí àkáǹtì kan dé òmíràn mọ́jú. Kí ilẹ̀kùn báńkì tó ṣí láàárọ̀, ìwé àkáǹtì tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti wà lórí tábìlì máníjà.

Tí oníbàárà bá gba owó, ìlà kan ló ń yọ owó náà nínú ètò wa: SUBTRACT AMOUNT FROM BALANCE. Ọ̀gá àgbà kan wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó tí kò kọ́ kọ̀ǹpútà rí. Á wá dúró lẹ́yìn mi, á fi ìka tẹ ìlà náà, á ní, "Ṣé ibí ni owó ti ń jáde?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Á tún béèrè ibi tí a ti ń wò ó bóyá owó oníbàárà tó. Màá fi ìlà tó wà lókè rẹ̀ hàn án. Á kà á, á tún un kà, á mi orí. Ètò wa ìgbà náà kò lẹ́wà. Ó gùn, ó lọ́ pọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀ lè ba ibòmíràn jẹ́ láìmọ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ owó lè kà á.

Ọdún 1995 ni ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems gbé èdè Java jáde. Nígbà tí ọdún 1999 fi máa parí, wọ́n ti kó ohun púpọ̀ jọ lé e lórí, wọ́n pe àkójọ náà ní J2EE, EJB sì ni ọkàn rẹ̀. Irú nǹkan báyìí ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní framework. Ẹlòmíì ti kọ apá tó le jù nínú iṣẹ́ sílẹ̀ dè ọ́: bí ètò ṣe ń kó dátà pamọ́ àti bó ṣe ń kó o jáde, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lè lò ó lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe ń mọ ẹni tó láṣẹ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Ìwọ á wá kọ ti iṣẹ́ rẹ sínú un, bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ pé kí o kọ ọ́. Wọ́n ní àwa ò ní ronú lórí ohun mìíràn mọ́ àfi ọ̀rọ̀ báńkì gan-an. Ìlérí ńlá ni. Àwọn ọ̀gá wa gbà á gbọ́, wọ́n sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ wa. Kí àkáǹtì oníbàárà tó lè wà nínú EJB ìgbà yẹn, fáìlì Java mẹ́ta la ó kọ: ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe ń wá a rí, ọ̀kan fún ohun tí ètò tó wà lókèèrè lè ní kó ṣe, ọ̀kan fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kò tíì parí o. A ó tún kọ fáìlì XML tó ń ṣàlàyé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti XML mìíràn tó jẹ́ ti ẹni tó ta sáfà (server) fún wa. Nínú fáìlì kẹta, dandan ni kí a kọ ejbActivate, ejbPassivate, ejbLoad, ejbStore àti ejbRemove, kódà bí a kò bá ní ohunkóhun láti fi sí abẹ́ wọn. Odidi ojú ìwé á kún fún orúkọ, abẹ́ wọn á ṣófo. Ibo wá ni owó ti ń jáde? Ó wà níbì kan láàárín wọn. Ọ̀gá ìṣirò yẹn yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan bó ti máa ń ṣe, ó wo ojú kọ̀ǹpútà mi títí. Kò fi ìka tọ́ ibì kankan. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì tún béèrè mọ́.

Bí a bá tún ìlà kan ṣe, a ó tún gbogbo rẹ̀ dì, a ó gbé e lé sáfà, a ó pa sáfà, a ó tún un tàn, a ó sì máa wò ó. Bí NEPA bá mú iná lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí orí wọn pé jù lọ láàárín wa ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ lórí XML, wọn kò sì ráyè béèrè bóyá èlé tí à ń ṣírò fún oníbàárà tọ̀nà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ṣì ń dùn mí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fún J2EE ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù náírà 25 lọ́wọ́ kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Oníbàárà báńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin di ti ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wọn kò jọra. Èèyàn á wà ní Kánò, á fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó wà nínú ẹ̀rọ mìíràn l'Ékòó, lójú ẹsẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ̀rọ kan bá kú láàárín, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé owó ti kúrò níbí kò sì dé ọ̀hún. Yálà kí méjèèjì ṣẹlẹ̀, tàbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ á mọ̀ pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni. Apá tó ń ṣọ́ ìyẹn nínú ẹrù ńlá tí a rà kò já wa kulẹ̀. Nítorí apá yẹn, mi ò lè gbà pẹ̀lú ẹni tó ní ẹrù lásán ni gbogbo rẹ̀. Apá yẹn tó owó rẹ̀. Ìyókù tí wọ́n ní a gbọ́dọ̀ gbà mọ́ ọn ni kò tó.

Ọmọ Ọsirélíà kan, Rod Johnson, ti rí i ṣáájú. Ìwé ńlá tó kọ jáde lọ́dún 2002 tú J2EE palẹ̀, ó sọ èyí tó wúlò àti èyí tí kò wúlò, ó sì fi kódù tirẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn òǹkàwé lè lò ó. Kódù yẹn ló di Spring, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2004. Àwọn tó ni EJB náà gbọ́ ìbáwí. Nígbà tí EJB 3.0 dé lọ́dún 2006, àwọn orúkọ tí abẹ́ wọn ṣófo ti lọ, ọ̀pọ̀ XML ti lọ, àkáǹtì oníbàárà ti padà di fáìlì kan tí èèyàn lè kà. Ẹ má sì rò pé Spring fúnra rẹ̀ kò sanra lẹ́yìn náà. XML tirẹ̀ náà pọ̀ dé ibi pé wọ́n ní láti ṣe Spring Boot jáde lọ́dún 2014 kí àwọn ọmọ tuntun tó lè rí ẹnu ọ̀nà. Oracle ti ra Sun lọ́dún 2010, J2EE sì ti bọ́ sọ́wọ́ Eclipse Foundation, òun ni ẹ̀yin ń pè ní Jakarta EE.

Nígbà tí mo padà wálé, mo rò pé èmi àti Java ti pínyà. N kò mọ̀ pé ó ti ṣáájú mi débí. Àwọn ilé ìwòsàn agbègbè wa ń ka iye ẹni tí ibà ṣe, iye aboyún tó wá, iye ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ìparí oṣù, iye yẹn á gòkè lọ sí agbègbè ìlera Savè-Ouèssè, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ìjọba. DHIS2 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi ń kó o jọ. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ DHIS, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà parí níbẹ̀, orí Microsoft Access ni wọ́n sì kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Èyí tí à ń lò báyìí, Yunifásítì Oslo ní orílẹ̀-èdè Norway ló ń darí rẹ̀. Java ni wọ́n fi kọ ọ́, Spring àti Hibernate, framework tó ń bójú tó dátà, wà nínú rẹ̀. Ó wúwo, kò sì sí irọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó gbé ẹrù náà. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ iye ọmọ tí wọ́n bí lóṣù yìí kò mọ Spring, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ohun tí wọ́n ti kọ lè dúró sínú fóònù títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dé. Ìwọ̀nba èèyàn ní Oslo ló ń tún inú rẹ̀ ṣe, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní HISP, tó fìdí kalẹ̀ sí Lomé, sì ń kọ́ àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bí wọ́n ṣe ń bójú tó o. Ẹrù kan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà EJB, olúkúlùkù wa ló ru gbogbo rẹ̀, ní gbogbo báńkì, fún iṣẹ́ tí ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ ì bá ṣe.

Àwa ará Ṣábẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa pé ẹrù lè ju iṣẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa tóbi gan-an, ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀, ìrèké tó ń wọlé kò sì tó agbára rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Ṣáínà ló wá gbà á. Ohun tó tóbi ju ohun tó fẹ́ lọ̀ lọ, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ tán.

Láìpẹ́ yìí, méjì nínú àwọn ọmọ náà gbé iṣẹ́ wá fi hàn mí. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú ló gbé e fún wọn: orúkọ àgbẹ̀, ìwọ̀n kílò tó kó wá, iye owó, ọjọ́ tí wọ́n sanwó. Wọ́n ti pín in sí ètò kéékèèké púpọ̀ lórí Spring Boot, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi ìpamọ́ dátà tirẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò máa tún un ṣe tí wọ́n bá ríṣẹ́ ní Kútọnu. Wọ́n wo ara wọn. Mo ní kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fi PHP àti ibi ìpamọ́ dátà kan ṣoṣo kọ ọ́, kí wọ́n máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ibòmíràn lálaalẹ́, kí akápò ẹgbẹ́ sì jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń kọ ibi tó ń ṣírò owó.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ̀yin ará mẹ́rì, ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ ń gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má sanwó títí wọ́n á fi kọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ sì pe ẹni náà wá kó wá tún ìlà kan ṣe lójú yín.