Ìdí Tí Òṣìkà Inú Fíìmù Fi Ń Dẹ́rù Bani

Òṣìkà inú fíìmù Yorùbá ti wà lórí ìtàgé kí kámẹ́rà tó dé. Hubert Ògúńdé, ọmọ Ọ̀sọsà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1916, ṣe ọlọ́pàá kó tó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Nínú eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ní 1964, kì í ṣe àjèjì ló da ìlú rú. Igbákejì ọba ló fa ọ̀gá rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́, kóun lè bọ́ sípò. Òǹwòran mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí nínú ìṣèlú ìgbà yẹn, ìjọba náà sì mọ̀ ọ́n: wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Ògúńdé ní gbogbo Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ó di 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó gbé òfin ọ̀hún kúrò.

Ní 1979, Ògúńdé sọ eré rẹ̀ mìíràn, Aiyé, di fíìmù. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ kó jìnnìjìnnì bá tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n lójú òṣèré tó ń kọ èyí, ẹ̀rù wọn kì í pẹ́ lára, torí ìkà wọn kò nídìí ju pé wọ́n jẹ́ àjẹ́ lọ.

Lápité, ọba Jogbo nínú Ṣaworoidẹ (1999), yàtọ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe ọba náà. Gbẹ́rẹ́ tí ọba Jogbo máa ń sín kó tó gorí ìtẹ́ ló dè é mọ́ ìlú. Lápité kọ̀, kò fẹ́ sín in, nítorí owó ló ṣe dé ibẹ̀. Ta ni kò mọ irú èrò bẹ́ẹ̀, lórí owó ìjọba tàbí ilẹ̀ ẹbí? Àtìgbà náà ni ìlù kan ṣoṣo, ṣaworoidẹ, ti ń já a láyà. Lágata, ológun tó gba ìtẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, burú jù ú lọ, síbẹ̀ kò ká èèyàn lára tó o, torí agbára nìkan ló ní.

Irú ìkà tó ń ká èèyàn lára bẹ́ẹ̀ ni aṣenibánidárò, kì í sì í pariwo. Òṣèré tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa á dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, á béèrè àlàáfíà ìyàwó, á fún ọmọ lówó. Bó bá ń yíjú padà ni ẹ̀rín á kúrò lẹ́nu rẹ̀, kámẹ́rà nìkan ló máa rí i. Bí òǹkọ̀wé eré kò bá kọ ìdí ìkà náà sílẹ̀, òṣèré ló máa wá a fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù náà.