Ọwọ́ Tí Mo Yà Sínú Ìwé

Bírò ni mo fi yà á: ìka mẹ́ta nà ṣánṣán, àtàńpàkò tẹ ọmọńdinrín mọ́lẹ̀. Mo kọ "omi" sábẹ́ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní èdè ọwọ́ n'Íbàdàn, ó yé mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà dé iléèwé wa lẹ́yìn Àkànrán lọ́jọ́ Ajé, tí mo ṣí ìwé, mo rí i pé ọwọ́ nìkan ni mo yà, n kò ya ojú mọ́ ọn. Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń kàn ni àbí àgbọ̀n? Ṣé àyà ni? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí mo tìtorí rẹ̀ lọ s'Íbàdàn jókòó síwájú mi, ó ń wò mí. Adití ni.

Mo kàwé ẹ̀kọ́ àkànṣe. Spẹ́ṣà ni mo lọ l'Ọ́yọ̀ọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1977. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan lèèyàn ń mú níbẹ̀, ti àwọn afọ́jú sì ni mo mú. Abúlé kì í béèrè ẹ̀ka. Adití ni o, afọ́jú ni o, ọmọ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé ni o, "Ẹ mú un lọ bá Àǹtí Spẹ́ṣà."

Díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ èdè ọwọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn. Ọ̀la ni yóò bẹ̀rẹ̀ kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ ọ̀gá wa. Mo gun ọ̀kadà, mo wọ mọ́tò méjì, àpò mi ni gbogbo owó ọkọ̀ ti jáde. N kò ka ìyẹn sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó tún bi wá léèrè. Èdè ọwọ́ ń fẹ́ ẹni tí a ó jọ máa sọ ọ́, tí yóò di ọwọ́ ẹni mú pé, "Rárá, ibí ni."

Ìmọ̀ yìí kò sì ṣọ̀wọ́n n'Íbàdàn. Ní 1960 ni Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, dá iléèwé àwọn adití sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn èyí tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Accra ní 1957. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ ń ti ilẹ̀ Áfíríkà tó ń sọ Faransé wá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ n'Íbàdàn. Mo máa ń ronú kan àwọn èèyàn wọ̀nyẹn. Wọ́n la ẹnubodè kọjá, wọ́n rí i kọ́. Èmi tí mo wà l'Ọ́nà-Àrà, ẹ̀gbẹ́ Ìbàdàn níbí, n kò rí i kọ́.

Òfin tí Ààrẹ ìgbà náà buwọ́ lù ní Oṣù Kìíní 2019 ní kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ kíkọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Èmi ni ẹnì kan náà níléèwé wa. Ta ni yóò wá máa kọ́ èmi? Àbá mi ni pé kí olùkọ́ kan tó jẹ́ adití gan-an máa wá bá wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wá s'Ákànrán lóṣù yìí, kó lọ sí Ìyànà Ọ̀fà tàbí Mọ́níyà lóṣù tó ń bọ̀, kí àwa olùkọ́ díẹ̀ tó wà lágbègbè kó ara wa jọ yí i ká. A ó dá owó ọkọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo gbé ìka mẹ́ta kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo gbé e kan àyà. Nígbà tó sú mi, mo nawọ́ sí ike omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ọmọ náà dìde, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó rò pé òùngbẹ ń gbẹ mí ni. Mo mu ún tán, mo sì tún ṣí ìwé náà.