Ojú Ewé Kan Lójúmọ́

Mo fẹ́ jẹ́wọ́. Fún odindi ọdún méjì tí ẹ fi ń pè mí ní "Òǹkọ̀wé" káàkiri ọgbà, ìtàn kan ààbọ̀ péré ni mo kọ. Ẹ ó rántí èyí tó jẹ́ ààbọ̀ yẹn, torí gbogbo ìgbà ni mo ń kà á ní ìpàdé ẹgbẹ́, tí màá sì sọ pé mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Irọ́ ni. Mi ò ṣiṣẹ́ kankan lórí ẹ̀. Ìmísí ni mò ń dúró dè.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bá mi wí, Amos Tutuola ni mo máa ń fi gbèjà ara mi. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn: ó ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá mú bébà, ó sì kọ The Palm-Wine Drinkard láàárín ọjọ́ mélòó kan. Faber and Faber tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1952, ayé gbọ́. Èmi náà wá ń retí ọjọ́ mélòó kan tèmi. Apá kejì ìtàn náà ni mi ò kì í mẹ́nu bà, pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yẹn, ó tún fi bí oṣù mẹ́ta tún un kọ, tó ń fi kún un. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn dùn ún sọ lẹ́nu. Oṣù mẹ́ta yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Kì í ṣe ìwé kankan ló là mí lójú o. Àbúrò mi obìnrin ni.

Àgbádárìgì là ń gbé. Ibẹ̀ ni mo ti ń wọ mọ́tò wá sí Ọ̀jọ́ láràárọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, ooru mú, oorun ò wá. Àbúrò mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ sọ ìtàn kan fún mi." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ìtàn atukọ̀ kan tó ń gbé èrò láti etí ọ̀sà wa sọdá sí Gbẹ̀rẹ̀fù. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun láyé ìjọ́un, àti pé kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní ẹni tó bá mu omi inú ẹ̀ á gbàgbé ilé. Nínú ìtàn tèmi, alaalẹ́ ni atukọ̀ yìí ń gbé èrò kan ṣoṣo, èrò náà kì í sì í padà. Àbúrò mi sùn lọ kí n tó parí. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí n máa bá a lọ. Mo ti gbàgbé ibi tí mo dé. Òun ò gbàgbé. Ó ní, "Ọkùnrin tó di àgbọn mẹ́ta sínú àpò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀."

Ojú tì mí. Ni mo bá ra ìwé olójú ewé 80.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, torí àwọn kan nínú yín ti bi mí. Aago márùn-ún ìdájí, kí Màámi tó dá iná ẹja yíyan, mo ti jókòó sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ojú ewé kan ni, kò gbọdọ̀ dín. Bó ti wù kó dùn tó, mi ò ní kọ èkejì. Ibi tó ti ń dùn gan-an ni màá ti dá a dúró, kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Mi ò sì ní pa nǹkan kan rẹ́ títí ìwé á fi kún. Ti èrò tí màá kọ nípa ẹ̀ ńkọ́? Inú mọ́tò ni mo ti ń rí i. Láti Agbára dé Ìyànà-Ìbà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró, màá wo ẹni tó jókòó tì mí, màá yá ojú ẹ̀, màá yá ẹrù ẹ̀, màá gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi mi. Tó bá dalẹ́, màá kà á fún àbúrò mi. Bí kò bá dùn, kò ní sọ pé kò dùn o. Á kàn sùn ni.

Ọ̀pọ̀ ojú ewé yẹn ni kò dáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi bí mo ṣe lè fara dà á. Apẹja ni wọ́n. Wọ́n máa ń fa àwọ̀n ńlá wá sétí òkun, èrò á pọ̀ nídìí okùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n fà á láti àárọ̀ dọ̀sán, tó jẹ́ pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti koríko òkun ló kún inú ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Wọ́n ní kí ni mò ń kí àwọn sí? Wọ́n ní àwọ̀n tí kò bá wọ omi, eku ni yóò jẹ ẹ́ nílé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń tún ojú tó já ṣe. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún lọ.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ìwé kan ti kún, mo ti bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ní gbogbo ọdún méjì tí mo fi dúró de ìmísí, ojú ewé mọ́kànlá ni mo kọ.

Mo wá rí i pé irú ẹ̀ ti wà tipẹ́ nínú èdè wa. Láti 1929 wọ 1930, I. B. Thomas tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn náà léraléra, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé obìnrin náà wà láyé ní tòótọ́. Thomas fúnra ẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ìwé ìròyìn ò lè dúró de ìmísí. Ọjọ́ títà á pé, àwọn èèyàn á sì fẹ́ mọ ohun tó tún ṣẹlẹ̀ sí Ṣẹ̀gilọlá. Díẹ̀díẹ̀ báyẹn ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ ṣe di odindi. Èmi ò ní ìwé ìròyìn, àmọ́ mo ní òǹkàwé kan lórí ẹní.

Lẹ́yìn náà ni owó ilé ìwé dé. Màámi ò lè san ti èèyàn méjì. Wọ́n pè wá jókòó, wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí èmi jáde, kí àbúrò mi lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Àjàṣẹ́ ná. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kò sunkún. Èmi ni mo bá a gbé àpò ẹ̀ dé ibùdókọ̀ Sẹ̀mẹ̀. Mi ò sọ fún Màámi pé kí wọ́n má ṣe é. Mo lè sọ ọ́, mi ò sọ ọ́.

Nígbà tí mo ṣí ìwé mi lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tó gbé odó wà nínú ọkọ̀, wọ́n ti dé àárín ọ̀sà. Mi ò lè kọ nǹkan kan. Ìtàn ẹni tí wọ́n gbé sọdá tí kò padà ni mò ń kọ látọjọ́ yìí, ó wá dà bí ẹni pé èmi gan-an ni atukọ̀.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo máa ń kọjá níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn, èyí tí wọ́n parí ní 1845. Ọdún yẹn náà ni Àjàyí Crowther dé ìlú wa. Abẹ́òkúta ló ń lọ, àmọ́ ogun dí ọ̀nà, ó sì lé lọ́dún kan kó tó rí ọ̀nà kọjá. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, kò sì mọ ibi tí ìyá ẹ̀ wà. Kò torí ìyẹn káwọ́ gbera. Ó ń wàásù, ó ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. August 1846 ló tó fojú kan ìyá ẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mi ò fi ara mi wé Bíṣọ́ọ̀bù o. Mo kàn rí i pé iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ kọ́ ló ṣí ọ̀nà, àmọ́ nígbà tí ọ̀nà ṣí, ó bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Síbẹ̀ mi ò kọ nǹkan kan. Ó di ọjọ́ kẹrìndínlógún kí dẹ́rẹ́bà kan tó ń ná Sẹ̀mẹ̀ tó pè mí nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Àbúrò ẹ ní kí n bi ẹ́, ṣé obìnrin olódó yẹn ti gúnlẹ̀?"

Ìdájí ọjọ́ kejì ni mo mú un gúnlẹ̀. Ojú ewé yẹn ò dáa rárá. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, màá da ojú ewé méje kọ, màá fi ọ̀rá wé e, màá gbé e fún dẹ́rẹ́bà yẹn, torí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ lo fóònù lọ́hùn-ún. Ó ti sọnù lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, mo sì tún un dà kọ. Lóṣù tó kọjá, dẹ́rẹ́bà mú ojú ewé kan bọ̀ láti ọ̀hún. Ọwọ́ àbúrò mi ni. Ọmọbìnrin kan ló wọ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ lórí. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá ọkọ̀ padà." Ibẹ̀ ló parí ẹ̀ sí. Ibi tó ti ń dùn gan-an ló ti dá a dúró.

Mò ń kọ ojú ewé kan lójúmọ́, àmọ́ atukọ̀ ò tíì dá a lóhùn. Mo ti sọ fún Màámi ohun tí mi ò sọ níjọ́sí. Mo sì ti rí ọmọ mẹ́rin tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì nírọ̀lẹ́. Owó ẹ̀ ò tíì tó, mò ń kó o jọ ni.

Tá a bá tún pàdé nínú ẹgbẹ́, ẹ má bi mí léèrè ìmísí. Ẹ mú ìwé yín dání, ká ka ojú ewé àná, bó ti wù kó burú tó.