Ohùn Ìyá Àgbà Nínú Ògbólógbòó Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 2013, ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnú wá kí wa ní Aklampa. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ka orí àpótí níwájú Ìyá wa àgbà, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Òru méjì ni Ìyá fi sọ̀rọ̀: bí àwọn baba wa ṣe dé ibi tí a wà, orúkọ ewé àti ohun tí wọ́n ń fi ewé kọ̀ọ̀kan ṣe, àlọ́ tí wọ́n fi tọ́ wa, gbogbo rẹ̀ ní Ìdáàṣà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ra kọ̀ǹpútà mìíràn, ó fi ògbólógbòó náà sílẹ̀ fún wa. Ìyá papòdà ní 2018. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kọ̀ǹpútà kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, iná rẹ̀ a tàn, a ó sì gbọ́ ariwo inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọjá ibẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó ti da ohùn Ìyá kọ sí ibòmíràn. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a kò ní fi bò.

Atúnṣe kan ní kí a jẹ́ kí òun pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kí òun fi ètò tuntun sí i. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé ẹrù wa, a padà sílé.

Ọdún mẹ́ta ni ó fi wà lórí àjà. Ní ìgbà ìsinmi ọdún 2022, èyí tí ó ń kàwé ní Abomey-Calavi nínú wa mú clé USB kan bọ̀. Debian 11 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a kọ́ sórí Linux. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Linus Torvalds ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, tí ó sì fi í sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè bá a ṣe é. Ian Murdock ni ó dá Debian sílẹ̀ ní 1993, ó so orúkọ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Debra, pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè gbà á, kí ó dà á kọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Èyí tí ó wù wá jùlọ ni pé kò kọ ẹ̀rọ tí ó ti dàgbà. 2 GB péré ni agbára ìrántí tiwa.

Òru àkọ́kọ́ ni ó le jù. Disque dur ẹ̀rọ náà pín sí ọ̀nà méjì: ètò àtijọ́ wà ní apá kan, ohùn Ìyá wà ní apá kejì. Èdè Faransé ni a yàn láti fi bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bi wá ibi tí a fẹ́ kí Debian gbé, ohun àkọ́kọ́ tí ó nà sí wa ni «Assisté - utiliser un disque entier». Bí a bá tẹ Entrée lórí ìyẹn, ó parí nìyẹn. A sọ̀ kalẹ̀ sí «Manuel». A ka ìwọ̀n apá kìíní àti apá kejì, a tún un kà, a kọ ọ́ sórí bébà. Àwa márùn-ún ni a wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí ìka tirẹ̀ jẹ́ ìka tí yóò tẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, èyí tí ó kéré jù nínú wa ni ó tẹ̀ ẹ́, bóyá nítorí pé òun ni kò rántí ojú Ìyá dáadáa.

Ó gbà á. Ẹ̀rọ náà kú, ó jí, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú dúdú: login. A fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé sí i. Ó fún wa ní àmì kékeré kan tí ń ṣẹ́jú. Kò sí àwòrán, kò sí fèrèsé, souris kò sì gbé ohunkóhun. Ẹni tí ó mọ àṣẹ kíkọ lè ṣiṣẹ́ láti ibẹ̀, àwa kò mọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá láti fi ọwọ́ àìmọ̀kan kan apá tí ohùn wà. Ìyá kékeré, àbúrò Ìyá àgbà, ń bọ̀ wá wò wá lálaalẹ́.

«Ṣé òkùnkùn yẹn náà ni ẹ ṣì jókòó tì?»

«Òun náà ni, Ìyá. Ẹ bá wa ní sùúrù.»

Ojú tí a ń rí lára kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Linux wà nísàlẹ̀ tí ń darí ẹ̀rọ. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní X wà lórí rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ya nǹkan sójú. Lórí X ni tábìlì fúnra rẹ̀ wà, pẹ̀lú fèrèsé àti bọ́tìnnì rẹ̀. Xfce ni a yàn nítorí pé kò wúwo. Olivier Fourdan, ará Faransé, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1996. Gbogbo wọn ni ó wà nínú ẹ̀rọ wa. Síbẹ̀ nígbà tí a kọ startx, èsì tí ó fún wa ni pé òun kò rí ojú kankan: no screens found.

Òru kẹta ni a tó ní làákàyè láti ka ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ fúnra rẹ̀. A kọ dmesg, ìlà sì ń tú jáde bí èèrà. Láàárín wọn ni ọ̀kan ti ń sọ pé kádì àwòrán ń fẹ́ firmware. Firmware ni ìtọ́ni díẹ̀ tí kádì náà gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó jí. Àwọn tí ó ṣe kádì kò fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ han aráyé, nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Debian nígbà náà, kò sí nínú ohun tí a gbà. Ìlànà náà ní ọlá lójú wa, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti yìn ín nínú òkùnkùn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Debian dìbò láti máa fi firmware sí i, ó sì wà nínú Debian 12 tí ó jáde ní oṣù kẹfà 2023. Ẹ̀yin tí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ báyìí kò ní rí irú òru tiwa.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró nílé wa lọ́sẹ̀ náà. A fi aṣọ méjì wé kọ̀ǹpútà, a gbé e gun zém lọ sí Glazoué, ẹni tí ó gbé e lé ẹsẹ̀ sì ń bẹ awakọ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti ya. Níbẹ̀ ni a ti fi okùn so ó mọ́ fóònù. A fi ọ̀rọ̀ méjì, contrib àti non-free, kún fáìlì sources.list, a kọ apt update, lẹ́yìn náà apt install firmware-amd-graphics. Kò pẹ́ tó bí a ti pẹ́ lọ́nà. A pa á, a tan án. Ojú dúdú náà ṣẹ́jú, lẹ́tà rẹ̀ kéré sí i, lẹ́yìn náà ni àwọ̀ dé.

A kò ṣí ohun Ìyá ní Glazoué. A gbé e padà sílé.

Ìyá kékeré ni ó kọ́kọ́ rí àmì Xfce ní igun òkè, orí èkúté kékeré kan. Wọ́n ní, «Abájọ! Èkúté ni ó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.» A ṣí apá kejì. Fáìlì mẹ́rìnlá ni, ọ̀kan ti bàjẹ́. Kí a tó tẹ ìkankan, a da gbogbo wọn kọ sórí clé àti sórí fóònù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni a tẹ èkíní. Ìyá àgbà kọ́kọ́ wúkọ́, wọ́n sì bi ẹ̀gbọ́n wa pé, «Ṣé ó ti ń gbọ́?» Ìyá kékeré dáhùn láti orí àga wọn pé ó ń gbọ́. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Audacity ni a fi ń fa ohùn falẹ̀ kí etí lè mú un. A jiyàn púpọ̀ lórí lẹ́tà: ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ èdè wa ní Benin láti ìgbà tí a ti gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1975, ṣùgbọ́n ẹ àti ọ ni àwọn ará Nàìjíríà ń kà. A mú ẹ àti ọ, kí ìwé náà lè kọjá odi. Bọ́tìnnì AZERTY wa kò ní wọn, ṣùgbọ́n Linux ní bọ́tìnnì tí a ń pè ní Compose: tẹ̀ ẹ́, tẹ àmì !, tẹ e, ẹ yóò sì jáde.

A ti parí fáìlì mẹ́rin. Nínú ìkarùn-ún ni Ìyá àgbà ti dárúkọ ewé kan tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, ó sì dà bí ẹni pé ewúrẹ́ ké mọ́ orúkọ náà. A ti gbọ́ ibẹ̀ nígbà ogún. Ìyá kékeré ní bí òun bá rí ewé náà òun yóò mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ni kò wá sí òun lẹ́nu. Wọ́n ní kí a mú fóònù dání lọ́jọ́ ọjà, kí àwọn eléwé gbọ́ ọ fúnra wọn.