Máàkì méjì-méjì

Àwa tí a ní ẹbí nílùú Ọba, ọ̀rọ̀ owó àwọn akàndá ẹ̀dá ló gba etí wa kan lọ́dún 2025.

Àbúrò wa obìnrin tó wà ní London, oríkèé ara ló ń dà á láàmú. Owó tó ń gbà ni wọ́n ń pè ní PIP. Kì í ṣe owó àìríṣẹ́ṣe o, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà ń gbà á, torí ìnáwó aláìlera ju ti ẹlòmíì lọ. Máàkì ni wọ́n fi ń kà á. Tí o bá nílò ẹni tó máa bá ọ fọ irun tàbí ìsàlẹ̀ ara, máàkì 2. Tó bá jẹ́ láti èjìká dé ìbàdí, ó di 4. Tí gbogbo ẹ̀ bá pé 8, pọ́ùn 73.90 lọ́sẹ̀ lèèyàn ń gbà lọ́dún 2025.

Ní March 2025 ìjọba wọn ní láti November 2026, máàkì 8 nìkan ò ní tó mọ́, dandan ni kí èèyàn ní 4 lójú kan. Wọ́n fẹ́ fìyẹn dín bí bílíọ̀nù 5 pọ́ùn kù nínú ìnáwó ọdọọdún. Méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún ni ti àbúrò wa, ó jẹ́ 8 géérégé. Gbogbo ẹ̀ ni ì bá lọ. Àwa tí à ń tajà ṣáà mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ lowó fi ń pé.

Ó bá kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò ẹ̀. Bó ṣe ń wẹ̀ gan-an ló kọ síbẹ̀. Nígbà tó kà á fún wa lórí fóònù, ojú tì í, ojú ti àwa náà. Ọmọ Yorùbá wo ló ń sọ irú ẹ̀ síta? Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ pọ̀, àwọn míì sì wa kẹ̀kẹ́ wọn lọ síwájú ilé aṣòfin. Àwọn aṣòfin Labour tó lé ní 120, ẹgbẹ́ ìjọba fúnra ẹ̀ o, fọwọ́ síwèé pé àwọn ò gbà. Ní July 1, ọjọ́ ìdìbò gan-an, ìjọba yọ apá yẹn kúrò.

Wọn ò rí gbogbo ẹ̀ gbà pa dà. Àfikún owó aláìsàn tó ń jẹ́ pọ́ùn 97 lọ́sẹ̀, láti April 2026 ó di 50 fún ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá.

Níbí ńkọ́? Owó wo ni wọ́n fẹ́ gé? Òfin la ní. Buhari fọwọ́ sí i ní January 2019, ó fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 kí wọ́n ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. January 2024 ló pé. Báńkì kan lẹ́nu ọjà wa, àtẹ̀gùn gíga ló ṣì wà níbẹ̀. Akàndá tó ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa, ìta ló máa ń jókòó sí, ẹlòmíì á bá a wọlé lọ gbowó ẹ̀.

A ti bá a kọ lẹ́tà sí máníjà wọn. Òun fúnra ẹ̀ ló ń sọ, àwa ń kọ, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Wọn ò tíì fèsì. À ń kọ ìkejì báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bá wa fọwọ́ sí i kó yà sí ṣọ́ọ̀bù kó tó di Friday.