Dígí Aláwọ̀ Lójú Kámẹ́rà

Ẹni tí ó bá dúró ní Kúdẹtì, tí ó kọ ojú sí òkè Màpó nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, yóò rí sánmà aláwọ̀ aró, ìkúukùu funfun, àti òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà. Ṣùgbọ́n fíìmù dúdú-òun-funfun kò mọ aró yàtọ̀ sí pupa. Bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó lára nǹkan nìkan ni ó mọ̀. Àwọn baba wa kó gbogbo àwọ̀ sábẹ́ pupa, funfun àti dúdú. Fíìmù tilẹ̀ ṣahun jù wọ́n lọ, méjì péré ni tirẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ń fi dígí aláwọ̀ bo ojú kámẹ́rà. Dígí pupa a máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa wọlé, a sì dá ti aró dúró sí ìta. Nígbà náà ni sánmà yóò dúdú, ìkúukùu yóò yọ gedegbe, òrùlé ògbólógbòó yóò sì funfun bí ẹni pé àná ni a kàn án.

Ṣùgbọ́n oníbodè ni dígí yìí, ó ń gba owó ibodè. Dígí pupa rúsúrúsú ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 2, aláwọ̀ ọsàn ìlọ́po 4, pupa gan-an ìlọ́po 8. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò, ẹ ṣàkíyèsí: ìlọ́po 2 ni sítọ́ọ̀pù kan, 4 ni méjì, 8 ni mẹ́ta. Bí oòrùn bá ràn kedere, tí a sì lo fíìmù 125, f/16 àti 1/125 ìṣẹ́jú àáyá ni ó yẹ. Dígí pupa yóò sọ ọ́ di f/5.6, tàbí kí a fi ihò sílẹ̀ ní f/16, kí a sì lo 1/15. Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní 1929, yóò dúró jẹ́ẹ́ fún 1/15. A kò tí ì rí ọmọ ilé-ìwé tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò yìí kò dúró ṣinṣin bí ìsodipúpọ̀ inú ìwé. Lábẹ́ ibòòji, ìmọ́lẹ̀ aró láti sánmà ni ó pọ̀, nítorí náà ìlọ́po 8 kì í sábà tó. Nígbà ọyẹ́, sánmà fúnra rẹ̀ ti funfun. Kí a fi dígí pupa sápò.

Ọ̀ràn ojú ènìyàn ni ó jẹ wá lógún jù. Fíìmù àtijọ́ kan, orthochromatic, kò rí pupa rárá, bẹ́ẹ̀ ni pupa ni ó pọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ara wa ń tàn padà. Ó ń sọ ojú wa di òkùnkùn. Ní Kúdẹtì yìí, níbi tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853, ìyá àgbà kan fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ hàn wá. Gèlè ìyá rẹ̀ ń tàn yòò. Lábẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkankan. Ìyá náà sì kú kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kò fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ mi jogún gèlè o.”

Fíìmù òde òní ń rí pupa. A kò lo dígí pupa fún un, nítorí ìyẹn ìbá sọ ojú àgbà di ràkọ̀ràkọ̀. Rúsúrúsú ni a lò. A mú un jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a wọn ìmọ́lẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kì í ṣe lára gèlè funfun. Mítà ní f/5.6 àti 1/125. Dígí gba sítọ́ọ̀pù kan, a lo 1/60, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má mira.

Nígbà tí a fọ fíìmù náà, ilà ojú rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gèlè funfun jù, ọnà ara rẹ̀ kò hàn. Ìyá ní ìyẹn kò kan òun.