Ìyá Mi Ò Mọ Ìsinmi, Àfi Ọjọ́ Tá A Gun Òkè Ìdànrè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ìyá tó bí mi ló kàn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìdí, ẹ ó rí i pé ó kan ẹ̀yin náà.

Àyèká ni ìyá mi ń gbé, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, lágbègbè Òkìtìpupa. Pupuru ló ń ṣe tà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ pupuru á mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á wá tò ó sókè iná kí èéfín máa yan án. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí èéfín yẹn ti ń wọ ìyá mi lójú. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ìrìn mẹ́ta ni mo mọ̀ mọ́ ọn: ó ń lọ sọ́jà, ó ń lọ síbi òkú, ó ń lọ sí ọsibítù. Kò sí ìkẹrin.

Lọ́dún tó kọjá, òòyì ń kọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó fún un ní oògùn, ó sì ní kó lọ máa sinmi. Ìyá mi wo dókítà lójú, ó ní, “Dókítà, níbo ni wọ́n ti ń ta ìsinmi? Ẹ júwe ìsọ̀ rẹ̀ fún mi kí n lọ rà á.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, ẹ̀rín yẹn kò dùn mọ́ mi lẹ́nu mọ́.

YÌNYÍN OLÓWÓ GỌBỌI

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó wà ní Jámánì fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó de ohun gígùn bíi pákó méjì mọ́ ẹsẹ̀, ó dúró lórí òkè kan tó funfun báláú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi gba fóònù, ó wò ó títí.

“Ṣé ó fẹ́ ṣubú ni?”

Mo ní, “Rárá o, Ìyá, eré ni. Wọ́n ń yọ̀ lórí yìnyín láti orí òkè wá sílẹ̀. Owó ni wọ́n ń san.”

“Wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó ṣubú?”

Ẹ má rò pé eré òyìnbó nìkan ni o. Ó wà ní Áfíríkà wa níbí. Ní Mòrókò, wọ́n ń ṣe é ní Oukaïmeden lórí àwọn òkè Atlas. Ní Lesotho, níhà gúúsù, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Afriski. Àwọn ọmọ Nàìjíríà pàápàá ti wọ̀ ọ́. Lọ́dún 2018, nígbà ìdíje Olympics ìgbà òtútù ní PyeongChang, lórílẹ̀-èdè South Korea, Simidele Adeagbo dojú bolẹ̀ lórí ohun kékeré kan, ó sì sáré lórí yìnyín ní orúkọ Nàìjíríà. Lọ́dún 2022 ní Beijing, Samuel Ikpefan ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú pákó lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún ìyá oní-pupuru? Ta ló máa gba físà fún un? Ẹ̀wù òtútù nìkan á jẹ owó ọjà rẹ̀ tán. Mo wá bi ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí pé báwo lòun ṣe rówó rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe, kì í ṣe olówó. Ó ní ọgbọ́n ni. Ó ní àwọn kì í lọ nígbà tí àwọn ọmọléèwé bá wà ní ọlidé, torí owó máa ń gorí igi nígbà náà. Wọ́n á kó ara wọn jọ, wọ́n á jọ háyà ilé kan, wọ́n á máa dáná fúnra wọn. Bàtà àti pákó ọ̀hún, wọ́n á háyà ẹ̀ ni, wọn ò ní rà á. Ó sì ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú làwọn ti ń tọ́jú owó pamọ́.

Mo jókòó, mo rò ó. Mo ní, háà! Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń lọ sórí yìnyín yìí, ṣé kò lè gbé wa dórí àpáta ni? Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí kan náà ni Òkè Ìdànrè wà.

ÀJỌ OBÌNRIN MÉJÌLÁ

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó ní òun ò lè dá lọ gbádùn kí àwọn ẹgbẹ́ òun wà lọ́jà. Ó kó obìnrin mọ́kànlá jọ: oní-pupuru, elépo, ẹlẹ́ja, aránṣọ méjì àti onídìrí kan. Wọ́n dá àjọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́sẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún ogún ọ̀sẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 240,000 náírà. Inú oṣù kẹfà la bẹ̀rẹ̀, a sì fi ìrìn náà sí oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, torí bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, yíyọ̀ ni. A mú ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, tí àwọn ọmọléèwé sì wà ní kíláàsì.

Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá ni wọ́n ní kí n lọ háyà mọ́tò. Mo bá dẹ̀rẹ́bà kan sọ ọ́ ní 150,000 náírà, àlọ àti àbọ̀. Mo kó 50,000 fún un sílẹ̀. Ẹ gbà mí o, mi ò gba rìsíìtì! Ó ku ọ̀la ká lọ, dẹ̀rẹ́bà pè mí, ó ní pẹtiróòlù ti gbówó lórí, ká fi 60,000 kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò lọ. Mo ní kó dá owó wa padà. Ó ní owó wo?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Owó àwọn ìyá tó ń fi èéfín fọ ojú ni mo ti kó sọnù yẹn. Nígbà tí mo jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó bú mi, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù. Ìyá elépo ló kàn dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó ní ká máa bọ̀ ní gáréèjì. Agogo márùn-ún ìdájí la débẹ̀. Ó pe alága gáréèjì jáde, ó ní, “Ọmọ mi, epo tí ìyàwó rẹ fi ń sebẹ̀, ta ló ń tà á?” Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ rárá. Alága ní kí dẹ̀rẹ́bà gbé wa ní iye tó dá, ká kàn fi 10,000 kún un nítorí epo mọ́tò. A wọ mọ́tò, ó di gbéra.

ORÍ ÒKÈ

A gba Òkìtìpupa, a já sí Oòrè, níbi tí ogun ti le lọ́dún 1967 tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé “Ó le kú, ìjà Oòrè.” A gba Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́, a sì yà sọ́nà Ìdànrè. Bá a ṣe ń súnmọ́ ibẹ̀, ariwo inú mọ́tò dákẹ́. Àpáta ńláńlá lọ́tùn-ún, àpáta ńláńlá lósì, bí ìgbà tí àwọn òmìrán jókòó yí ìlú ká. Àwa tí ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé etí òkun, a ò rí irú rẹ̀ rí.

A san owó ìwọlé, wọ́n fún wa lẹ́ni tó máa mú wa kiri. Àtẹ̀gùn tó lé ní 660 ni wọ́n ṣe sára òkè náà. Èmi ọ̀dọ́, kí n tó gùn ún débì kan, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rù ìyá mi ló ń bà mí. Àmọ́ ibùsinmi wà lójú ọ̀nà, mo sì ti bi dókítà léèrè kí a tó kúrò nílé. Ó ní kó lo oògùn rẹ̀, kó rọra máa rìn, kó sì jókòó bó bá ti rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Ó gun díẹ̀, ó jókòó. Ó gun díẹ̀, ó jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fi í sílẹ̀.

Nígbà tá a dókè, a rí ìlú àtijọ́. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láyé ogun, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé UNESCO, lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n sọ di ohun ìní gbogbo ayé. Wọ́n fi ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn hàn wá lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ọmọdé ni o, àgbà ni o, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Àwọn kan ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kọ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ tó gbé mi gun òkè yìí, mi ò fi dán ẹnikẹ́ni wò.”

Ohun tó jẹ ẹ́ lógún yàtọ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ títí, ó ní, “Àwọn obìnrin ibí yìí nígbà yẹn, ṣé orí ni wọ́n fi ń ru iṣu àti omi gòkè yìí? Kò mà sígbà tí obìnrin sinmi rí o.” Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

A jẹun: pupuru, ọbẹ̀ àti ẹja tí a gbé láti ilé. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí mi ò rí rí láyé mi. Ìyá mi tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí àpáta, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ó dùbúlẹ̀, ó sì sùn lọ ní ọ̀sán gangan. Kò sí èéfín, kò sí oníbàárà. Mo jókòó tì í, mo ń lé eṣinṣin.

BÍ Ẹ̀YIN NÁÀ BÁ FẸ́ LỌ

Nígbà tá a padà délé, 20,000 náírà ṣì kù nínú owó wa. Ẹ gba ìmọ̀ràn mi: ẹ má dá lọ, ẹ kóra yín jọ kí owó mọ́tò lè fúyẹ́. Ẹ yẹra fún àsìkò Kérésì àti Àjíǹde. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ mú omi àti oògùn yín dání, ẹni tó ń ṣàìsàn kó kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹ má sì san owó dẹ̀rẹ́bà láìgba rìsíìtì!

Bí òkè gígùn ò bá yín lára mu, Ìkògòsì wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó jẹ́ ara Oǹdó wa títí di ọdún 1996. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé níbẹ̀, ooru ò kúrò lára èyí, òtútù ò kúrò lára tọ̀hún. Olúmirìn wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń já láti orí àpáta ní ìpele méje. Nítòsí wa ńkọ́? Agbábù wà, níbi tí ọ̀dà ń sun jáde látinú ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ayétòrò ni ká tètè lọ wò. Ẹ gba Igbókọ̀dá, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Lọ́dún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tẹ ìlú náà dó sétí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, òkìkí wọn sì kàn jìnnà. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, kò sì tíì yó. Àpáta Ìdànrè á dúró dè wá, Ayétòrò lè má dúró.

Ìyá mi ti padà sídìí iná rẹ̀ o, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó pè mí. Mo rò pé ara ló tún ń ro ó. Ó ní, “Owó àjọ ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìwọ náà á dá tìrẹ, àbí ọ̀fẹ́ lo tún fẹ́ bá wa lọ?”

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ibo lẹ ti lọ sinmi rí, èló ló sì ná yín? Ẹ kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde.